Àpótí tí Màmá Akúwá Gbé Lé Itan Dé Glei

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọmọdé, ẹni tó wà lórí ìdúró kó wá ibì kan fi ìdí lé. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí kì í ṣe èyí tí a ń gbọ́ lórí ìrìn. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó ṣépè.

Àgbàlagbà ni mí. Ẹ̀bá Atakpamé ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti hu ewú. Ohun kan wà nínú mi tí n kò sọ fún ìyàwó mi, tí n kò sọ fún ọmọ kankan. Mo lọ bá fadá lọ́pọ̀ ìgbà nítorí rẹ̀. Bí mo bá ti kúnlẹ̀ tán, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn tó kéré ni ẹnu mi máa ń sọ. Mo bínú sí aládùúgbò. Mo sùn lọ́jọ́ ìsìn. Fadá á dárí jì mí, màá sì tún gbé tinú lọ sílé bó ṣe wà.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Wọ́n fẹ́ walẹ̀. Bí wọ́n bá walẹ̀, wọn ò ní í rí ohun tí wọ́n ń wá, èmi ni wọ́n sì máa bi.

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo kọ́. Nígbà tí ẹ̀yìn mi kò gba búlọ́ọ̀kù mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilé àtijọ́. Màá rà á, màá tún un ṣe, màá tà á. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí, láti ẹ̀yìn ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í kọ́kọ́ bèèrè iye tí onílé ń tà á. Iye tí ẹni ìkẹyìn máa san, nígbà tí ilé bá ti dára tán, ló kọ́kọ́ ń wò. Láti inú ìyẹn ló ti máa yọ owó páànù, ó yọ ti sìmẹ́ńtì, ó yọ ti káfíńtà, ó yọ ohun tí òun náà máa jẹ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni ó máa gbé lọ bá onílé. Bí o bá ṣi ẹni ìkẹyìn wò, o gbé.

N kì í ṣì í wò. Mo máa ń fi ìka kan ògiri kí n gbọ́ ibi tí omi ti wọ̀ ọ́. Mo máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà kí n wo ibi tí ọkọ̀ máa gbà. Láti Agbonou títí dé Glei ni wọ́n ti ń pè mí wá wo ilé.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Màmá Akúwá nìyẹn. Opó ni. Ilé bàbá rẹ̀ wà lára òkè ní Atakpamé, ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára, tí páànù rẹ̀ ti jẹ. Òun nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ bàbá náà. Ó fẹ́ tà á kó lọ bá Kòfí, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ní Glei, níbi tí wọ́n ní oko sí. Orúnkún ń dùn ún, kò lè gun òkè mọ́.

Mo yí ilé náà ká. Mo ti mọ ẹni ìkẹyìn kí n tó yí i ká tán. Tọkọtaya kan ti Gabon dé, ìyàwó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n ń wá ilé tó mọ́, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Mo mọ iye tí wọ́n lè san. Inú mi ń dùn.

Mo fẹ́ wọ yàrá ẹ̀yìn, Màmá Akúwá sì di apá mi mú.

"Bọ́ bàtà rẹ, àbúrò. Bàbá ń sùn."

Mo wo ilẹ̀. Ẹ̀yin ará ibí mọ ohun tí mo rí. Àwọn bàbá wa, kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé, inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí kó má baà jìnnà sí ọmọ. Ìdílé mìíràn ṣì ń ṣe é. Ilẹ̀ yàrá náà ga ní igun kan, amọ̀ ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, ó ń dán. Màmá Akúwá ní bí iṣu tuntun bá ti jáde, òun máa ń bu omi síbẹ̀, òun á sì ro gbogbo ìròyìn ilé fún un, ẹni tó bímọ, ẹni tó ṣàìsàn, ẹni tí kò kí òun mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni mo ti ṣìnà. Ilé tí òkú onílé wà nínú rẹ̀, àlejò kì í rà á. Bí ó bá tilẹ̀ rà á, owó rẹ̀ á já wálẹ̀ gidigidi. Mo ṣe ìṣirò méjì sínú mi níbi tí mo dúró sí láìwọ bàtà. Ọ̀kan jẹ́ ti ilé tó ní òkú, èkejì jẹ́ ti ilé tí kò ní. Ti àkọ́kọ́ ni mo fi rà á lọ́wọ́ Màmá Akúwá. Ti èkejì ni mo fẹ́ fi tà á. Àárín méjèèjì ni ẹ̀ṣẹ̀ mi jókòó sí.

Mo ní, "Màmá, ta ló máa bá bàbá yín sun yàrá? Ìdajì ni mo lè san. Gbígbé òkú sì ní ìnáwó tirẹ̀."

Ó ní, "Ṣé wàá bá mi gbé e dé Glei? Bí o bá máa gbé e, iye tí o bá pè ni mo gbà."

Mo ní màá gbé e. Mo búra.

Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gbé e lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa gbé irú òkú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ pe àgbà ìdílé, ó gbọ́dọ̀ pe àwọn tó mọ bí wọ́n ti ń ṣe é, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́. Ọkọ nọ́ọ̀sì yìí sì ń wá wo iṣẹ́ nígbà gbogbo. Ó ti ń nàka sí yàrá ẹ̀yìn pé ibẹ̀ ni ibùsùn àwọn máa wà. Bí ó bá rí egungun tó ń jáde níbẹ̀, mo mọ̀ pé kò ní í padà wá.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ẹ̀rù bà mí. Mo mú ọkọ́, mo gbé e sókè, ọwọ́ mi kò sì sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ní kí àwọn òṣìṣẹ́ mi lọ jẹun ní Agbonou. Bí alùpùpù wọn ti lọ, mo ti ilẹ̀kùn. Mo fi ṣọ́bìrì gé ibi tó ga náà kúrò títí ó fi bá ilẹ̀ yòókù dọ́gba. N kò gbẹ́ ẹ dé ọ̀dọ̀ bàbá náà. Mo da kọnkéré lé e. Lọ́jọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ tẹ́ karó lé gbogbo ilẹ̀ yàrá, àwọn pẹlẹbẹ funfun dídán, o lè fi wo ojú.

Mo wá ní kí káfíńtà kan àpótí kékeré kan fún mi. Mo kó àfọ́kù ògiri tí a wó sínú rẹ̀. Mo bu amọ̀ tí mo gé nínú yàrá náà lé e lórí, kí n lè máa sọ fún ara mi pé irọ́ náà kò pé. Mo fi aṣọ funfun dì í. Mo gbé e lọ fún Màmá Akúwá lọ́dọ̀ aládùúgbò tó wọ̀ sí, mo ní, "Bàbá nìyí."

Ó gbà á bí ẹni gba ọmọ tuntun.

A wọ takisí lọ sí Glei. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà gbé àpótí sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Màmá Akúwá wò mí. "Ṣé àpò gaàrí ni bàbá mi?" Ó gbé e lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra.

Dẹ́rẹ́bà rẹ́rìn-ín. "Màmá, kí lẹ gbé tó wúwo báyìí? Ṣé wúrà ni?"

"Bàbá mi ni."

Dẹ́rẹ́bà bojú wẹ̀yìn, ó rí ojú rẹ̀, ó pa rédíò. Obìnrin kan tó gbé adìẹ dání ní, "Dẹ́rẹ́bà, ṣé òkú náà máa sanwó ọkọ̀ ni?" Dẹ́rẹ́bà dá a lóhùn pé, "Àgbà kì í sanwó lọ́dọ̀ mi. Adìẹ rẹ ló máa san tirẹ̀." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò lè rẹ́rìn-ín.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ń gbé òkú lọ sílé gbọ́dọ̀ máa sọ ọ̀nà fún un, kó má baà ṣìnà. Màmá Akúwá sọ ọ́ títí a fi dé. "Bàbá, a ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè o. Bàbá, Agbonou rèé, ibi tí ẹ ti ń ra iyọ̀. Wọ́n ti kọ́lé síbi ìrókò yẹn, ẹ má jẹ́ kó dà yín rú. Bàbá, odò nìyí, ẹ má dúró, ẹ máa tẹ̀lé wa."

Lórí afárá ló kọjú sí mi. "Bíríkìlà, bá mi kí i. Ìwọ lo jí i lójú oorun, ohùn rẹ ló mọ̀."

Gbogbo ènìyàn ń wò mí. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ìrìn."

Àfọ́kù ògiri ni mo kí.

Létí oko wọn ni a sin àpótí náà sí. Kòfí kọ ebè lé e lórí. Màmá Akúwá sunkún, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọkàn òun ti balẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ebè yẹn ló ń bu omi sí. Bí iṣu tuntun bá jáde, ó máa ń fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, á ní bàbá òun ló ní kí wọ́n fún mi. Ìyàwó mi á gún un. N kì í lè jẹ ẹ́.

Mo ta ilé náà ní iye tí mo ti wò. Nọ́ọ̀sì àti ọkọ rẹ̀ tẹ́ ibùsùn wọn sí yàrá ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni ìyàwó ti lóyún ọmọ wọn. Nọ́ọ̀sì náà pàdé mi lọ́jà lọ́jọ́ kan, ó fi ẹ̀rín kí mi. "Bàbá, ẹ ṣeun o. Yàrá yẹn tutù ju gbogbo yòókù lọ." Láti ìgbà náà, n kì í gba àdúgbò yẹn kọjá mọ́.

Lọ́dún yìí, àìsàn gbé Màmá Akúwá dè. Kó tó kú, ó ní kí wọ́n sin òun ti bàbá òun, kí ìgbọ̀nwọ́ òun kan tirẹ̀.

Kòfí ránṣẹ́ pè mí. A dúró létí oko, àwọn tó fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ti bọ́ ẹ̀wù. Kòfí ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ tẹ́ ẹ. Ẹ fi hàn wá ibi tí orí rẹ̀ wà."

Mo nàka. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n gbẹ́ ẹ. Bí ọkọ́ ṣe ń sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ebè, mo rí i pé ilẹ̀ fẹ́ ya. Mo pariwo, "Ó tó! Ẹ má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀!"

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ wo bàbá yìí, ó mà mọ iyì òkú o." Wọ́n yìn mí. Wọ́n bu ọtí fún mi ṣáájú àwọn àgbà ìdílé.

A sì tẹ́ obìnrin yẹn síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, òun nìkan.

Ẹ̀rù tó ń bà mí nísinsìnyí pọ̀. Kòfí ti ra sìmẹ́ńtì. Ó ní bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, àwọn máa kọ́ ibojì kan ṣoṣo fún àwọn méjèèjì. Ó ní ikán á ti jẹ àpótí bàbá, àwọn máa kó egungun rẹ̀ sínú tuntun, èmi bíríkìlà ni kí n fi ọwọ́ ara mi gbé e. Igi lè jẹrà. Àfọ́kù ògiri tó ní ọ̀dà lára kì í jẹrà. Kòfí á mọ̀ ọ́n, inú ilé Atakpamé yẹn ni wọ́n ti tọ́ ọ.

Bí mo bá sọ fún Kòfí, ó máa gbé ọkọ́ lọ sí yàrá nọ́ọ̀sì ni. Nọ́ọ̀sì máa pe àwọn ọlọ́pàá jandámù fún mi, ó sì jàre. Owó náà ti di páànù orí mi àti ìwé ọmọ mi. Bí mo bá dákẹ́, mo ti darúgbó, n kò ní í pẹ́ lọ. Ẹni méjì ló sì ń dúró dè mí lọ́hùn-ún. Ọ̀kan ni mo fi karó bò lójú. Èkejì ń na ìgbọ̀nwọ́, kò kan ẹnì kan.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n pín ogún Màmá Akúwá. Àfí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, gba aṣọ àti odó. Kòfí gba ilé Glei àti ewúrẹ́. Mo ti dìde kí n máa lọ nígbà tí Kòfí ní kí n jókòó, ó ku ẹnì kan. Ó ní ìyá àwọn sọ ọ́ lójú gbogbo ìdílé pé etí oko tí ebè náà wà, èmi ni kí wọ́n fún, èmi àti àwọn ọmọ mi, kí bàbá òun má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí títí dé ibí, òjò ti ń dín kù. Ilẹ̀kùn ta ni kí n kọ́kọ́ kàn?