Ọjọ́ Burúkú Orlaith, Lábẹ́ Orúkọ Ọmọ Ọmọ Mi

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, nínú gbọ̀ngàn ìjọ ìlú wa, Kilcorran, àwọn òbí mọ́kànlélógún na ọwọ́ sókè pé kí wọ́n kọ orúkọ mi sára ògiri ilé tuntun tí a kọ́ fún àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù. Kò sí ẹni tó tako àbá náà àfi èmi. Mo dìde, mo ní kí wọ́n má kọ ọ́, nítorí ẹni tí wọ́n fẹ́ bọlá fún ti jí àyè ọmọ kan gbé rí. Pádraic Loftus, tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn náà, rò pé àwàdà ni. Ó kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ jókòó, Attracta! Ìrẹ̀lẹ̀ yín ti pọ̀ jù, tíì ń tutù!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fi parí gbólóhùn kẹta, ẹ̀rín ti tán. Ohun tí mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà kò tó ìdajì. Èyí tó kù nìyí. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí, dókítà sì ti sọ fún mi pé ọkàn mi kò ní bá mi ré kọjá ọdún tó ń bọ̀. N kò fẹ́ kí òtítọ́ bá mi wọ ibojì, kí irọ́ sì wà lókè eèpẹ̀ kó máa jẹ́ orúkọ mi.

Kì í ṣe ẹ̀rí-ọkàn ló kọ́kọ́ jí mi. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ ni mo fi sùn dáadáa. Clodagh, ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlá, ló jí mi. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó ń bá mi to àwọn ìwé àtijọ́ ẹgbẹ́ àwọn òbí wa sínú àpótí. Òun náà ní ọ́tísíìmù: ó fẹ́ kí ohun gbogbo wà létòlétò, kò sì mọ irọ́ pa. Ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ, ó kà á tán, ó ní, "Nana, àṣìṣe wà níbí. Wọ́n ní mo sá lọ sétí adágún. Mi ò dé etí adágún rí. Ẹ̀rù omi ń bà mí." Mo ní, "O ti gbàgbé ni. O kéré nígbà yẹn." Ó ní, "Èmi kì í gbàgbé nǹkan. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbàgbé. Ta ni ọmọ yìí?" Mo ní kí ó lọ gbé omi tíì kaná. Kò lọ. Ó di ìwé náà mú, ó ń wò mí bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì tó mọ̀ pé yóò dé dandan. "Nana, ta ni?"

Orlaith ni. Orlaith Tarpey, ọmọ Majella, ẹni tó ń tajà nígbà náà ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún kẹwàá rèé tí mo fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, tí èmi àti ìyá mẹ́rin sì dá ẹgbẹ́ àwọn òbí sílẹ̀. Gbogbo Ọjọ́rú la ń pàdé. Èmi ni mo ń bá wọn kọ̀wé, nítorí pé ní ilẹ̀ wa, ìwé ló ń sọ̀rọ̀ fún ọmọ: ìwé fún ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, ìwé fún olùrànlọ́wọ́ nínú kíláàsì, ìwé fún àyè ilé-ìwé. Ọmọ tí ìwé rẹ̀ kò bá ké, wọn a gbé e tì. Nítorí náà ni mo ṣe kọ́ wọn ní òfin kan: ẹ kọ ọjọ́ tó burú jù. Àwọn ìyá kórìíra òfin náà. Ìyá a jókòó, a kọ ọ́ pé ọmọ òun fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin, pé ó máa ń fọwọ́ pa ajá lórí jẹ́jẹ́. Èmi a fi gègé fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá, n ó ní, "Ṣé ajá ló ń wá àyè ni?" Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sunkún, wọn a tún un kọ. Majella ló le jù nínú wọn. Ó ní, "Attracta, bí mo bá kọ ọ́ síbẹ̀, ó dà bíi pé mo ń ta ọmọ mi." Mo ní, "Ọmọ rẹ kò ní ka fọ́ọ̀mù." Ó ní, "Ọlọ́run ń ka fọ́ọ̀mù." Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìwé kan ẹlẹ́yìn líle fún mi, nínú èyí tí ó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí. Ó ní, "Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ mú èyí tó bá wúlò. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á fún ẹlòmíràn." Mo fi ọwọ́ mi lé ọwọ́ rẹ̀, mo ní kí ó fọkàn balẹ̀. Ọwọ́ yìí kan náà ni mo fi ń kọ èyí.

Ní oṣù Kejì, ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú wa kéde pé àyè kan ṣoṣo ló kù nínú kíláàsì àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù. Ọmọ mẹ́fà péré ni irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ń gbà. Ọmọ méjì ló ń du ìkẹfà, ọmọ ọdún mẹ́fà sì ni àwọn méjèèjì: Orlaith àti Clodagh. Ìwé àyẹ̀wò wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohun tí òbí bá kọ ni yóò pààlà láàárín wọn. Mo mọ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ mi pé Clodagh lè dúró nínú kíláàsì ńlá, bí olùrànlọ́wọ́ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀. Ó ń sùn. Orlaith kò ní ibòmíràn. Ṣùgbọ́n Gráinne, ìyá Clodagh, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, jẹ́ nọ́ọ̀sì, ilé ìwòsàn kan ní Ọsirélíà sì ti fún un níṣẹ́. Níbi tí a ti ń bó ọ̀dùnkún ló ti sọ fún mi pé, "Màámi, bí wọn ò bá gbà á, a ń lọ nìyẹn." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀. Èmi tí mo ń pariwo ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ káàkiri, ọmọ kan ṣoṣo ni mo rí nígbà tí ọ̀rọ̀ kàn mí.

Ìwé Majella wà lórí tábìlì mi. Ní ojú ewé kọkànlélógún, ó kọ nípa ọjọ́ tí ariwo ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ọwọ́ gbẹ ní ilé ìtajà mú kí Orlaith já mọ́ ọn lọ́wọ́. Wákàtí méjì ni wọ́n fi wá a. Wọ́n bá a létí adágún láìwọ bàtà, ó ń ka òkúta, "bí ẹni tí wọ́n máa béèrè iye wọn lọ́wọ́ rẹ̀." Majella kọ nípa ojú eyín ọmọ náà tó wà lọ́rùn ọwọ́ ara rẹ̀. Ó kọ bí òun ṣe ń na ara òun sẹ́nu ọ̀nà bí ẹní, kí ọmọ náà má baà jáde láìtẹ òun mọ́lẹ̀. Mo da gbogbo rẹ̀ kọ sínú fọ́ọ̀mù Clodagh, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Orúkọ nìkan ni mo yí padà. Mo tilẹ̀ tún àwọn àmì ìdánudúró rẹ̀ ṣe. Gráinne kà á kí ó tó buwọ́ lù ú. Ó ní, "Màámi, ìgbà wo lèyí ṣẹlẹ̀?" Mo ní, "Ọjọ́ tó burú jù là ń kọ." Ó ní, "Ọjọ́ ti ta ni?" Mo na kálàmù sí i. Ó gbà á, ó sì buwọ́ lù ú. Nígbà tí ó kan fọ́ọ̀mù Orlaith, mo tẹ òfin ara mi lójú. Ọjọ́ tó dára ni mo kọ: ọmọ pẹ̀lẹ́, tó fẹ́ràn orin, tó ń jẹ ọ̀dùnkún rẹ̀ láìsí bọ́tà. Majella kà á, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé ẹ máa jẹ́ kó dà bí ẹranko." Ó fún mi ní búrẹ́dì tó ṣe fúnra rẹ̀. Mo jẹ ẹ́.

Clodagh wọlé. Majella pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó sì ní, "Ẹ bá mi lọ, Attracta. Ẹ̀yin lẹ mọ̀rọ̀ọ́ sọ." Bí mo bá kọ̀, wọn yóò bi mí ní ìdí rẹ̀, mo bá a lọ. Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni, ní ọ́fíìsì Fintan Heneghan, ọ̀gá ilé-ìwé náà. Majella ti mú ìwé rẹ̀ dání. Ó ṣí ojú ewé kọkànlélógún, ó sì ka ohun tí kò kà sí etígbọ̀ọ́ ẹnikẹ́ni rí. Fintan bọ́ awò ojú rẹ̀. "Majella, mo ti ka èyí rí." "Níbo?" "Nínú fọ́ọ̀mù ẹlòmíràn. Adágún, òkúta, gbogbo rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tìrẹ ò mẹ́nu bà á rárá." Majella ní, "Ọmọ mi ni! Èmi ni mo gbé e kúrò létí omi!" Fintan yíjú sí mi. Ó mọ orúkọ tó wà lórí fọ́ọ̀mù kejì, ó sì mọ̀ pé ọmọ ọmọ mi ni. Ó ní, "Attracta, mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín láti kékeré, mi ò ká irọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ rí. Ta ló ni ìtàn yìí?" Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá tó láti sọ òtítọ́. Ohun tí mo sọ nìyí: "Fintan, àwọn ìyá máa ń sọ̀rọ̀ nídìí tíì. Majella kì í sùn. Bí àárẹ̀ bá mú èèyàn, ìtàn ẹlòmíràn lè dà bíi tirẹ̀ lójú rẹ̀." Mo sọ ọ́ pẹ̀lú àánú. Mo tilẹ̀ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe láyé mi, ìfọwọ́kan yẹn ló burú jù.

Mo fi ọkọ̀ mi gbé e délé. A dé ẹnu géètì rẹ̀. Nígbà náà ló ní, "Mo ní kí ẹ má kà á fún ẹlòmíràn," ó sì sọ̀kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé náà fọwọ́ sí ìpinnu àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀, n kò sì ṣe ohunkóhun láti dá a dúró. Àwọn kan a dé ṣọ́ọ̀bù olóògùn, wọn a ní, "Majella, ìtàn ta lo ń sọ lónìí?" Kò pé oṣù mẹ́ta tí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Orlaith fúnra rẹ̀ nílé. Kò wá sí ìpàdé wa mọ́. Èmi ń wá. Èmi ń kọ́ àwọn ìyá tuntun ní òfin mi, wọ́n sì ń pè mí ní ìyá gbogbo wọn.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Clodagh níwájú àpótí ìwé náà. Kò sunkún, kò bú mi. Ó ní, "Ṣé wọ́n máa dá àyè náà padà fún un ni?" Mo ní àyè ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ó ti kọjá. Ó ní, "Ẹ wá òmíràn fún un." Ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú wa yóò ṣí kíláàsì irú rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, àyè mẹ́fà náà ni. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn, mo jẹ́wọ́ fọ́ọ̀mù méjèèjì níbẹ̀, mo sì bẹ̀ wọ́n nítorí Orlaith. Mo fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú àpótí lẹ́tà Majella. N kò kan ilẹ̀kùn.

Majella, n kò lẹ́nu láti bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí kí n lè kú ní ìrọ̀rùn. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o má jẹ́ kí ìwà mi gba àyè lọ́wọ́ ọmọ rẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹ kọ ọjọ́ tó burú jù, nítorí ayé kò tíì yí padà. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ti ọmọ yín. Bí ẹni tó ń bá yín kọ ọ́ bá sì ní ọmọ tirẹ̀ lórí ìlà kan náà, ẹ gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ dára tó.

Akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ girama náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún mi lórí fóònù ní ọjọ́ Ajé pé lẹ́tà mi ti dé, àti pé orúkọ Orlaith Tarpey wà nínú ìwé wọn. Mo bi í bóyá ìyá rẹ̀ ti fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, tàbí láti inú lẹ́tà mi nìkan ni wọ́n ti rí orúkọ náà, nítorí pé láìsí ìbuwọ́lù òbí, ìgbìmọ̀ kò lè gbé e yẹ̀ wò. Ó ní òun yóò wò ó, òun yóò sì pè mí padà. Títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, kò tíì pè.