Tàdáwà Àwọ̀ Ewé Lára Ìwé Àsíátù

[Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹsàn-án, ọdún 1965. Ìpè fóònù láti pósítì (ilé ìfìwéránṣẹ́) Àjàṣẹ́ sí pósítì Ifangni. Àwọn tó sọ̀rọ̀: ÀSÍÁTÙ, ọmọ lycée (ilé-ìwé girama) ní Àjàṣẹ́, Ọ̀ṢẸ́NÌ, àbúrò olóògbé bàbá rẹ̀, òun náà ni alágbàtọ́ rẹ̀, SÀDÍÁTÙ, ìyá rẹ̀, IFÁṢÍNÀ, akọ̀wé pósítì Ifangni.]

[Aago fóònù ń dún. Wáyà ń han.]

IFÁṢÍNÀ: Allô! Allô, Ifangni nìyí!

ÀSÍÁTÙ: Ẹ̀gbọ́n Ifáṣínà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àsíátù ni. Ṣé àwọn ará ilé wa ti dé?

IFÁṢÍNÀ: Láti aago mẹ́wàá ni wọ́n ti wà lórí àga gbọọrọ. Ìyá ẹ ń— Bon, bàbá ti gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọ̀ṢẸ́NÌ: Allô! Àsíátù! Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le?

ÀSÍÁTÙ: A dúpẹ́, Bàbá. Ẹ káàárọ̀ o. Ilé ńkọ́? Ìyá Bàṣírù ńkọ́?

Ọ̀ṢẸ́NÌ: Gbogbo wọn wà. Àgbàdo ti gbẹ, a ti ń ya á. Sọ̀rọ̀ kíá, Jímọ̀ lòní, n ò tíì ṣe àlùwàlá.

ÀSÍÁTÙ: Bàbá, kálámù yín tó ń kọ àwọ̀ ewé yẹn, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín?

Ọ̀ṢẸ́NÌ: Kálámù? Torí kálámù lo ṣe ní kí wọ́n wá pè mí lóko?

ÀSÍÁTÙ: Mo kàn ń bèèrè ni. Ní gbogbo Ifangni, ta ló tún ní irú ẹ̀?

Ọ̀ṢẸ́NÌ: Kò sí! Ọ̀gá mi òyìnbó ló fún mi nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ní bíróò rẹ̀. Àwọn akọ̀wé ìsinsìnyí, kí ni wọ́n mọ̀? Tàdáwà dúdú, bí èédú.

ÀSÍÁTÙ: Ẹ ṣeun, Bàbá. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn.

[Wáyà ń han.]

Ọ̀ṢẸ́NÌ: Kí lo wí? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀSÍÁTÙ: Mo gbọ́ yín. Ìwé tí a fi ń yan ẹ̀ka ẹ̀kọ́, tí mo fi sílẹ̀ lóṣù tó kọjá pé kí ẹ buwọ́ lù, èmi fúnra mi ni mo kọ «sciences» sí i. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé wa, ẹnì kan ti fa igi lé «sciences» lórí, ó kọ «lettres» sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Àwọ̀ ewé ló fi kọ ọ́.

Ọ̀ṢẸ́NÌ: Ah bon?

ÀSÍÁTÙ: Ah bon, Bàbá.

Ọ̀ṢẸ́NÌ: Tóò. Èmi ni mo kọ ọ́. Kí ló wá dé? Alágbàtọ́ rẹ ni mí, quoi. Lettres ló yẹ obìnrin. Láìpẹ́ o di olùkọ́, o padà wálé, o lọ́kọ. Physique! Ta ló ń fi physique se ọbẹ̀?

ÀSÍÁTÙ: Ta ló ń fi lettres sè é?

Ọ̀ṢẸ́NÌ: Má dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ yẹn!

ÀSÍÁTÙ: Ẹ má bínú, Bàbá. Ingénieur ni mo fẹ́ ṣe. Ẹni tó ń la ọ̀nà, tó ń ṣe afárá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń du àyè díẹ̀ ní ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ẹni tí kò bá ṣe maths, physique àti dessin technique, àwòrán ilé àti ẹ̀rọ, ní lycée, wọn ò ní jẹ́ kó jókòó ṣe ìdánwò ẹ̀ rárá.

Ọ̀ṢẸ́NÌ: Afárá! [Ó ń rẹ́rìn-ín.] Àsíátù tí adìẹ abiyamọ ń lé kiri àgbàlá ló fẹ́ ṣe afárá! Odò wo lo fẹ́ gbé e lé?

ÀSÍÁTÙ: Odò ọ̀nà Lagbé.

Ọ̀ṢẸ́NÌ: Mo ti ṣe—

ÀSÍÁTÙ: Ẹ ti ṣe é. Òjò kan ṣoṣo ló gbé e lọ. Kẹ̀gbẹ́ epo mẹ́ta ti Philomène ẹlẹ́po bá a lọ. Ẹ ní iṣẹ́ àwọn àjẹ́ ni. Kì í ṣe àjẹ́, Bàbá. Òpó yín ló kúrú. Ẹrẹ̀ lẹ rì í mọ́, kò kan ilẹ̀ líle.

Ọ̀ṢẸ́NÌ: O ń bú mi? Lórí wáyà ìjọba?

ÀSÍÁTÙ: Ìṣirò ni mo ń ṣe.

Ọ̀ṢẸ́NÌ: Wáyà ti ń já. N ò gbọ́ ẹ mọ́.

ÀSÍÁTÙ: Bàbá? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ọ̀ṢẸ́NÌ: N ò gbọ́. Allô? N ò gbọ́ nǹkan kan.

ÀSÍÁTÙ: Bí ẹ ò bá gbọ́, kí wá lẹ ń dá lóhùn?

SÀDÍÁTÙ: [lókèèrè] Ọkọ mi, ẹ gbé e fún mi. Ẹ gbé e wá, mo ní! [Wọ́n ń fa fóònù mọ́ra wọn lọ́wọ́.] Allô! Àsíátù! Ṣé o gbọ́ mi?

ÀSÍÁTÙ: Mo gbọ́ yín, Ìyá mi. Ẹ má pariwo.

SÀDÍÁTÙ: Kí ni wọ́n ní kí o máa kọ́? Mo kàn ń gbọ́ lẹ́tà, lẹ́tà.

ÀSÍÁTÙ: Lettres. Ewì, ìtàn, Látìn. Kò gbé mi dé ibi tí mò ń lọ.

SÀDÍÁTÙ: Torí lẹ́tà ni mo ṣe ń ru gàrí lọ ọjà Ìgólò látọdún mẹ́fà? Ifáṣínà tó ń kó lẹ́tà sápò láràárọ̀ nìyí, ṣé lycée ló ti kọ́ ọ?

IFÁṢÍNÀ: [lókèèrè] Ìyá, ẹ yọ tèmi kúrò níbẹ̀.

ÀSÍÁTÙ: Ìyá mi, èyí tó burú jù ń bọ̀. Ọgbọ̀n ọmọ péré ni wọ́n ń gbà sí classe sciences. Èmi ni mo ṣe ipò kẹrin. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

SÀDÍÁTÙ: Ìkẹrin nínú gbogbo wọn?

ÀSÍÁTÙ: Tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri láàárọ̀ yìí, orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Ẹni tó ṣe ipò kọkànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fà wọlé rọ́pò mi. Ẹ bi Bàbá léèrè ẹni tó jẹ́.

SÀDÍÁTÙ: Ta ni?

ÀSÍÁTÙ: Bàṣírù.

[Wáyà ń han. Ẹnì kan wúkọ́ lókèèrè.]

SÀDÍÁTÙ: Bàṣírù wa? Bàṣírù ọmọ wọn?

ÀSÍÁTÙ: Òun náà. Méje ló gbà nínú ogún nínú maths, èmi náà ni mo sì kọ́ ọ kó tó rí méje yẹn gbà.

SÀDÍÁTÙ: [ó yíjú kúrò lára fóònù] Ọkọ mi, ẹ kú ọgbọ́n o. Ẹ̀gbọ́n yín kú, ẹ ní ẹ̀yin lẹ máa ṣe bàbá ọmọ ẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe bàbá nìyí? Ẹ fa ọmọ òkú dìde lórí àga kí tiyín lè ríbi jókòó!

Ọ̀ṢẸ́NÌ: [lókèèrè] Rọra sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn wà níbí.

SÀDÍÁTÙ: Mo mọ̀ pé wọ́n wà! Ìyá Léontine, ẹ sún mọ́bí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ra timbre lẹ́tà, ẹ má tíì lọ! Ẹ wá wo àgbàlagbà tó ń sá fún ọmọbìnrin ọdún méjìdínlógún!

Ọ̀ṢẸ́NÌ: Èmi kì í sá fún—

SÀDÍÁTÙ: Ẹ ń sá! Bí Bàṣírù bá lè dá rìn, kí lẹ ń gbé e pọ̀n fún?

ÀSÍÁTÙ: Ìyá mi! Ìyá mi, ẹ gbọ́. Aago méjìlá ni wọ́n máa pa ìwé orúkọ dé. Ọ̀gá ní bí télégramù alágbàtọ́ bá dé kó tó di ìgbà yẹn, òun á dá mi padà sípò. Ti alágbàtọ́ o. Wọn ò ní gba tiyín.

SÀDÍÁTÙ: Wọn ò ní gba tèmi. Èmi tí mo bí ọ.

ÀSÍÁTÙ: Bẹ́ẹ̀ lòfin wọn wí.

SÀDÍÁTÙ: Òfin tí kò rọbí rí. Ifáṣínà! Aago mélòó ló lù?

IFÁṢÍNÀ: [lókèèrè] Ó ku ogún ìṣẹ́jú kó lu méjìlá.

SÀDÍÁTÙ: Mú ìwé télégramù wá. Ọkọ mi, ẹ dìde, ẹ wá sọ ọ́.

Ọ̀ṢẸ́NÌ: [lókèèrè] Bí n ò bá sọ ọ́ ńkọ́?

SÀDÍÁTÙ: Màá jókòó síbí. Gbogbo ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé ni màá rò ó fún, bó jẹ́ ará Banigbé, bó jẹ́ ará Ko-Koumolou. Ẹ sì mọ̀ mí. Ohùn tó ń polówó ní Ìgólò kì í há.

[Àga ń han bí Ọ̀ṣẹ́nì ṣe ń dìde.]

Ọ̀ṢẸ́NÌ: [lókèèrè] Kọ ọ́, Ifáṣínà. «Èmi Ọ̀ṣẹ́nì fara mọ́ ohunkóhun tí ilé-ìwé bá rí pé ó dára—»

ÀSÍÁTÙ: Rárá o! Ìyẹn ò já mọ́ nǹkan kan. Ìyá mi, ẹ fún Ẹ̀gbọ́n Ifáṣínà ní fóònù.

SÀDÍÁTÙ: Ọkọ mi, ojú ò tì yín? Gbà, Ifáṣínà.

IFÁṢÍNÀ: Allô. Máa sọ ọ́.

ÀSÍÁTÙ: «Autorise Assiatou Salami classe sciences. Annule lettres. Osséni Salami, tuteur.»

IFÁṢÍNÀ: «Annule lettres.» Voilà. Ó ní ẹ gbà á láyè sciences, ẹ pa lettres rẹ́. Bàbá, ẹ buwọ́ lù ú. Ibí yìí. Rárá, ìsàlẹ̀ níbí.

[Ìró ẹ̀rọ télégramù fún ìgbà díẹ̀.]

IFÁṢÍNÀ: Ó ti lọ. Àjàṣẹ́ ti dáhùn pé àwọn rí i gbà, wọ́n ti fi kẹ̀kẹ́ rán an lọ sí lycée. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

SÀDÍÁTÙ: Àsíátù! Ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀSÍÁTÙ: Mo gbọ́. Ẹ ṣeun, Ìyá mi.

SÀDÍÁTÙ: Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Sáré lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá yẹn, kó má lọ sọ pé òun ò rí i. Dúró, bàbá ẹ tún ní ọ̀rọ̀ sọ. Kí ni wọ́n tún fẹ́ sọ?

Ọ̀ṢẸ́NÌ: Àsíátù.

ÀSÍÁTÙ: Bàbá.

Ọ̀ṢẸ́NÌ: O ti dójú tì mí lójú gbogbo ìlú. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn báyìí. Kí ni kí n wá sọ fún Bàṣírù? Ọmọ yẹn á sunkún.

ÀSÍÁTÙ: Ó ti sun ún tán. Àárọ̀ yìí ni, nígbà tó rí orúkọ ara ẹ̀ lára ògiri. Òun ló sáré wá sọ fún mi. Òun ló to ìlà fún mi ní pósítì níbí.

Ọ̀ṢẸ́NÌ: Bàṣírù?

ÀSÍÁTÙ: Ó ní lettres lòun fẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Òun ò fẹ́ rí maths sójú.

Ọ̀ṢẸ́NÌ: Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

ÀSÍÁTÙ: Ó ní ẹ ò bi òun léèrè rí.

[Wáyà ń han gan-an.]

Ọ̀ṢẸ́NÌ: Ṣé ó wà níbẹ̀? Àsíátù, ṣé o gbọ́ mi? Fún un ní fóònù, kí n—

ÀSÍÁTÙ: Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Bàbá. Bàṣírù, gbà—

Ọ̀ṢẸ́NÌ: Bàṣírù? Bàṣírù, ọmọ mi, èwo lo—

[Wáyà já.]