Ẹni Tó Mu Omi Bámijókò

Ẹ̀yin ará Emùré, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ̀yin ọmọ olóògbé, ẹ kú ìrọ́jú. Fọláyẹmí àbúrò mi, Ọlọ́run á tù ọ́ nínú. Èmi Adéfúnkẹ́ ni nọ́ọ̀sì tó bá Bámijókò ọkọ rẹ tọ́jú ọgbẹ́ lójú ogun abẹ́lé. Ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ̀rọ̀ o, orúnkún ń dùn mí.

Bámijókò lágídí! Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí gbogbo wa kó ẹrù kúrò ní Àkúrẹ́ wá sílé, mo ní kó lọ sinmi. Ó ní ọgbẹ́ kì í sinmi. Olè kan ń wa iṣu Bámijókò lóko, ọkọ́ ya á lẹ́sẹ̀, ilé Bámijókò náà ló sá wá! Ó wẹ ọgbẹ́ náà, ó dì í tán, ìgbà náà ló tó wá bú u. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, kò léèwọ̀.

Àmọ́ mo gbọ́ tí àwọn kan ń kùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí. Nwáfọ̀, àlejò wa láti ilẹ̀ Ìgbò, ní òun fẹ́ wà lára àwọn tí yóò gbé pósí lọ́la. Wọ́n ní ọmọ ilé ló ń gbé òkú ilé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ gbọ́ tèmi.

Lójú ogun, àwọn sójà wa gbé ọmọkùnrin kan wá. Ọ̀tá ni wọ́n pè é. Ìbọn ti ba itan rẹ̀ jẹ́. Oògùn ti ń tán lọ́wọ́ wa. Kápútéènì wa, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ní kí a má fi oògùn ṣòfò lórí rẹ̀, kí wọ́n gbé e sẹ́yìn àgọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá lọ sẹ́yìn àgọ́ kì í bọ̀.

Bámijókò kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó bu omi tirẹ̀, ó gbé orí ọmọ náà sókè, ó fún un mu. Ó wá kọjú sí ọ̀gá.

"Ọ̀gá mi, ó ti mu omi mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n nílé wa: ẹni tí a bá bu omi fún, a kì í lé e sínú ikú. Bí ẹ bá máa pa á, ẹ fi èmi ṣáájú."

Kápútéènì wò ó, ó wò ó. Ká ní ará ibòmíràn ni, bóyá ìbọn ni ì bá fi dáhùn. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń bu omi fún àlejò ló tọ́ òun náà dàgbà. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọmọ Emùré, gbé àlejò rẹ wọ 'ulé."

Bámijókò gbé e pọ̀n, ó gbé e wọlé.

Nwáfọ̀, dìde ká rí ọ. Ẹ wo bó ṣe ń tiro. Itan tí Bámijókò rán nìyẹn. Oore kì í gbé, ẹ̀yin ẹbí! Àlejò wo lẹ tún ń wí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó gbé ẹni tó gbé e.

Bámijókò, alágídí ọ̀rẹ́ mi, ó dàárọ̀ o. Ojú rẹ á máa ro mí. Má sáré lọ, ọgbẹ́ kankan kò dúró dè ọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdé rẹ lẹ́nu ibodè, kó bu omi fún ọ.