Ojú Obìnrin tó Wà Lẹ́yìn Kọ́bọ́ọ̀dù Màmá Àgbà

[Split, létí òkun Kroéṣíà, aago mẹ́wàá àárọ̀. Tonka, tó ń mú àlejò káàkiri ààfin àtijọ́ tí ọba Róòmù kan kọ́ síbẹ̀, tí màmá àgbà rẹ̀ àti àwọn mìíràn ń gbé inú rẹ̀ títí dòní, ló pe Duje àbúrò rẹ̀. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún.]

TONKA: Duje, ṣé dáadáa lo jí? Níbo lo wà?

DUJE: Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Mo wà nílé Màmá àgbà. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn sún kọ́bọ́ọ̀dù.

TONKA: Pẹ̀lú aṣọ ọmọ ogun Róòmù lọ́rùn? Ṣebí ó yẹ kó o máa bá àwọn àlejò ya fọ́tò níwájú ààfin?

DUJE: Kò sí àlejò níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n wà.

TONKA: Àlejò wo? Ṣé o gbọ́ mi? Mo kàn lọ tò fún tíkẹ́ẹ̀tì ni. Mo padà dé, mi ò rí ìkankan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá—

DUJE: Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n. Bàbá kan tó fi awò sójú wà níbẹ̀ tó ń kọ nǹkan sínú ìwé.



TONKA: Òun náà? Duje, ọ̀gá tó ń dán mi wò nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi wà. Ta ló kó wọn lọ síbẹ̀?

DUJE: Màmá àgbà ń sá aṣọ lójú fèrèsé. Wọ́n rí i tí àwọn àlejò ń ya àwọn ní fọ́tò, wọ́n bá ní kí àwọn àlejò náà kúkú gòkè wá wo bẹ́ẹ̀dì tí ọba kú sí.

TONKA: Bẹ́ẹ̀dì tí Bàbá àgbà fọwọ́ ara wọn kàn—

DUJE: Wọ́n ti ń dùbúlẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọtí ọ̀pọ̀tọ́ ti yí ká lẹ́ẹ̀mejì.

TONKA: Gba ìgò yẹn lọ́wọ́ wọn, please. Ṣé o gbọ́ mi?

[Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. Nǹkan wúwo ń wọ́ nílẹ̀.]

DUJE: Màmá àgbà tún ní òrìṣà kan wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Irọ́ ni mo pè é. A ti wá sún un báyìí, Àǹtí, ojú obìnrin wà lára ògiri lóòótọ́. Wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta.

TONKA: Báwo ni imú rẹ̀ ṣe rí?

DUJE: [ó rẹ ohùn sílẹ̀] Imú Màmá àgbà ni.

TONKA: Bàbá àgbà ló gbẹ́ ẹ, lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra. Tí ìjọba bá gbọ́ pé Bàbá àgbà fi irin gbẹ́ ògiri ààfin, wọ́n lè lé Màmá àgbà jáde. Ìdí tí kọ́bọ́ọ̀dù fi wà níbẹ̀ nìyẹn. Tètè dá a padà kí ọ̀gá yẹn tó—

DUJE: Ó ti fọwọ́ kàn án. Ó ní òun fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.

[Fóònù bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.]

Ọ̀GÁ VICKO: Tonka, ìbéèrè tó kẹ́yìn nìyí. Òrìṣà Róòmù wo ló wà lára ògiri yìí?

TONKA: Ẹ káàárọ̀, sà. Òrìṣà yẹn—

[Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sínú fóònù.]

Ọ̀GÁ VICKO: Ṣé o gbọ́ mi?

TONKA: Mo gbọ́, sà. Kì í ṣe òrìṣà. Màmá àgbà mi ni, ọkọ wọn ló gbẹ́ ẹ. Tó bá gba kẹ́ ẹ fi ìwé àṣẹ dù mí, ẹ fi dù mí. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ìjọba lé wọn.

Ọ̀GÁ VICKO: Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Onímú yẹn ló ń bu ọtí fún mi látìgbà tí mo ti jókòó. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o lè sọ òótọ́ nígbà tó bá korò. O ti yege. Ní ti ògiri, kọ́bọ́ọ̀dù nìkan ni mo rí.

[Nǹkan wúwo ń wọ́ padà. Ẹnì kan já fóònù gbà.]

MÀMÁ ÀGBÀ: Ẹ dúró, ẹ má tíì bò mí mọ́lẹ̀. Tonka, ìwọ ọmọ yìí, ta ló bi ọ́ léèrè òótọ́? Obìnrin Jámánì kan ti kúnlẹ̀ síbí, ó di imú mi tó wà lára ògiri mú, ó ń tọrọ ìbejì. Mo sì ti ṣèlérí fún un pé—

[Ìpè já.]