Mo Dúpẹ́ Pé Àdúrà Yẹn Kò Gbà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ọpẹ́ ni fún Ẹni tó ń gbọ́ àdúrà, ọpẹ́ sì tún ni fún un ní ọjọ́ tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti gbọ́. Ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé, nítorí mo rí i pé àwọn kan ti ń wo ara wọn lójú.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé olùkọ́ ni mí ní yunifásítì, àti pé láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti ń ṣe adelé olórí ẹ̀ka wa. Adelé ni mo wí o, kì í ṣe olórí. Iṣẹ́ olórí ni mò ń ṣe: èmi ni mò ń pín iṣẹ́ fún àwọn olùkọ́, èmi ni mò ń jókòó ní ìpàdé tí kì í tán, èmi sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró dè lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá dé láti òkè, "Adelé" ni wọn yóò kọ síwájú orúkọ mi, bí ẹni pé mo kàn ń bá onílé ṣọ́ ilé ni.

Ohun kan ṣoṣo ló dúró láàárín adelé àti olórí. Yunifásítì máa ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ kan lọ́dọọdún fún àwọn tí yóò darí ẹ̀ka. Ẹni tí kò bá lọ, wọn kì í fi jẹ olórí. Lọ́dún yìí, wọ́n wá fi kún un pé adelé tó bá pé ọdún mẹ́ta láìlọ, kí ó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kí wọ́n mú ẹlòmíràn wá láti ẹ̀ka mìíràn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ẹni tí kò mọ ohun tí à ń kọ́ni rárá ni yóò wá máa darí wa, nítorí ìwé kan.

Èmi tí n kò ráyè lọ láti ìgbà náà wá, mo gba fọ́ọ̀mù, mo kọ ọ́ kún láìsí àléébù kan. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kí olórí ẹ̀ka buwọ́ lù ú. Nísàlẹ̀ èyí, òfin kan wà níbẹ̀ pé ẹni tó ń lọ kò gbọdọ̀ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ara rẹ̀. Ẹ wò ó! Ta ni olórí ẹ̀ka? Èmi. Ta ló ń lọ? Èmi.

Mo gbé e lọ bá Díìnì, ìyẹn olórí gbogbo fákọ́tì wa. Ọmọlúàbí ni, kì í pariwo. Ó yẹ fọ́ọ̀mù náà wò síwá sẹ́yìn.

"Dókítà, olórí ẹ̀ka yín kò tíì buwọ́ lù ú."

"Sà, èmi ni olórí ẹ̀ka."

"Ẹ buwọ́ lù ú nígbà náà."

"Sà, òfin ní n kò gbọdọ̀ buwọ́ lu tèmi."

"Ẹ ò rí i? Òfin ni." Ó dá a padà fún mi. "Ẹ gbé e lọ fún olórí ẹ̀ka yín."

Ẹ̀yin ará, mo bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn dúró síbẹ̀.

Mo kọ mẹ́mò. Mo lọ sí ọ́fíìsì ńlá, wọ́n ní kí n padà sí fákọ́tì. Mo padà sí fákọ́tì, wọ́n ní ọ́fíìsì ńlá ló ni òfin. Nígbà tí yóò fi di Ọjọ́rú, ó ku ọjọ́ méjì péré kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn gbígba fọ́ọ̀mù. Ìgbà yẹn ni mo gbé e wá síwájú ìjọ yìí.

Mo dúpẹ́ pé ẹ dúró tì mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí, nítorí ilé Ọlọ́run kọ́ ni a ti ń purọ́. N kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí àwọn kan fi ní àwọn ará ilé bàbá mi ló wà nídìí rẹ̀. Mo ní fọ́ọ̀mù ni, wọ́n ní ta ni mo bá jẹun lójú àlá. Mo ní ìlà ìbuwọ́lùwé ni, wọ́n ní àwọn àgbà kan ló ń jókòó lé e.

Ìyá Àdúrà, ẹ má bínú sí mi, mo rí yín níjókòó. Ẹ ní kí gbogbo wa dìde. Ẹ ní ọwọ́ tó kọ òfin yìí, kí ó rọ! Ìjọ ní kí ó rọ. Ẹ ní oorun ẹni náà, kí ó dàrú! Ìjọ ní kí ó dàrú. Kí n sì jẹ́wọ́, kò sí ẹni tí Àmín rẹ̀ ròkè tó tèmi. Lẹ́yìn náà ẹ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Dókítà, a kì í ta ọfà sínú òkùnkùn. Ẹ lọ wá orúkọ ẹni náà wá, àti orúkọ ìyá rẹ̀ bí ẹ bá rí i."

Ìmọ̀ràn yìí bá mi lára mu, nítorí iṣẹ́ mi ni wíwá orísun ọ̀rọ̀. Mo mọ ẹni tí n ó bi. Alhaja kan wà tó ṣe akọ̀wé fún Díìnì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Agboolé bàbá rẹ̀ ní Bẹyẹrunka ló ń gbé báyìí. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ mo wọ takisí máíkírà ní Bẹẹrẹ. Ọkọ̀ dí pa nísàlẹ̀ Mapo, mo bọ́ sílẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn gba Ọjà'ba kọjá, inú ń bí mi lọ.

Mo bá Alhaja lójúde, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Haa, Dókítà! Ẹ̀yin náà rántí Bẹyẹrunka? Ẹ má sọ fún mi pé wọ́n tún ti sọ fáìlì nù."

"Ẹ kú ilé, mà. Orúkọ ni mò ń wá." Mo na fọ́ọ̀mù náà sí i. "Ta ló kọ òfin yìí?"

Ó wọ ìgò ojú rẹ̀, ó kà á, ó wò mí. "Kí lẹ fẹ́ fi orúkọ náà ṣe?"

"A fẹ́ fi gbàdúrà ni, mà."

"Àdúrà rere, àbí èyí tó kù?"

"Èyí tó kù, mà."

Alhaja rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi bọ́ sínú ẹ̀wà. "Subuhanalahi! Ẹ sáré lọ dá wọn dúró o. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀yin ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ṣe òfin náà. Olórí ẹ̀ka kan ló ń yan ara rẹ̀ sí gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ò rí ibì kan lọ. Ẹ bínú, ẹ ní ẹ ó fi òfin dè é. Ìpàdé sì fẹnu kò pé bí olórí ẹ̀ka bá fẹ́ lọ, Díìnì ni yóò buwọ́ lù ú fún un. Nígbà tí ó ku ká tẹ̀ ẹ́, ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ ní àṣìṣe mi ti pọ̀ jù, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó tẹ̀ ẹ́. Ìlà kan bọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ, ẹ ní kí n má dá yín lọ́wọ́ kọ́." Ó fẹ́ pàǹtí ẹ̀wà nù. "Àṣìṣe tèmi ò tó bẹ́ẹ̀ rí, Dókítà."

Ìgbìmọ̀ tí mo ti jókòó sí láyé mi kò lóǹkà, mo ti gbàgbé èyí pátápátá. Mo wo ọwọ́ ọ̀tún mi. Mo ká àwọn ìka rẹ̀ kò, mo tún nà wọ́n. Gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ké Halelúyà.

Mo bi í pé ẹ̀rí dà. Ó ní àkọsílẹ̀ ìpàdé náà, èyí tí gbogbo wa buwọ́ lù, wà ní yàrá iwájú ọ́fíìsì Díìnì, lábẹ́ tábìlì tí wọ́n ń gbé kẹ́tùlù lé. Ẹsẹ̀ tábìlì náà kan kúrú, ìdì ìwé yẹn ni òun fi gbé e dúró. Bí wọn kò bá tíì ra tábìlì tuntun, ibẹ̀ ni n ó ti bá a.

Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín rò pé wọ́n ti ra tábìlì tuntun?

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń fa ìwé yọ, ni Díìnì jáde pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

"Dókítà! Kí lẹ ń wá lábẹ́ tíì mi?"

"Ìlà kan tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni, sà."

Mo ṣí i hàn án, àti ìlà náà, àti orúkọ mi nísàlẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù mi lórí tábìlì tó ti ń mì. Mo fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó tilẹ̀kùn. Mo lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, mo parí rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà dé: olórí ẹ̀ka. Kò sí "Adelé" níwájú rẹ̀ mọ́.

Ibí ló yẹ kí n ti jókòó, ṣùgbọ́n ẹ̀rí mi kò parí síbẹ̀. Ọ̀gá mi kan ló ṣe adelé kí ó tó kàn mí. Fọ́ọ̀mù yìí kan náà ló há a títí ó fi fẹ̀yìn tì láìjẹ olórí. Ó máa ń sọ fún mi pé ọwọ́ ayé ni. Mo gbé àkọsílẹ̀ náà lọ bá a nílé rẹ̀ ní Oníyanrìn, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó kà á.

"Àbúrò mi ni mo rò pé ó wà nídìí rẹ̀," ó wí. "Láti ọdún yẹn, n kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́."

Ó ní kí n tún ìlà náà kà fún òun sókè. Mo tún un kà. Ó wá fa fóònù rẹ̀ yọ níṣojú mi, ó tẹ nọ́ńbà kan tí kò wò níbì kankan, nítorí ó ti mọ̀ ọ́n sórí. Ó dún, ó dún. Ẹnìkan gbé e, ó ní, "Bọ̀dá mi?"

Ẹ̀yin ará, mo bọ́ síta kí n má baà gbọ́ ìyókù. Mo dá ogo padà fún Ọlọ́run tó di etí sí wa ní Ọjọ́rú náà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá há, ẹ jọ̀wọ́, kí ó ka ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kí ó tó ka orúkọ ẹbí rẹ̀ sí wa létí. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀: tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ń kí ara wọn lónìí.