Bọ́tìnnì Tí Baba Ládàánì Kò Tẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú àánú wo ọ̀rọ̀ mi. Ohun kan ti há mi lọ́fun láti ìgbà ààwẹ̀ Ràmàdáánì tó kọjá, ààwẹ̀ mìíràn sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀ báyìí. Mo rò pé mo lè gbé e mì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Baba Ládàánì wá sílé wa láti tọrọ ohun kan lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè dákẹ́ mọ́.

Ṣakí ni mò ń gbé. Mo kàwé nípa iná mànàmáná ní yunifásítì, mo sì padà sílé láìrí iṣẹ́. Kí ọwọ́ mi má baà dilẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà kékeré inú ẹ̀rọ, èyí tí kò tóbi ju èékánná lọ. Èdè C ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kọ́ àsẹ́ńbílì, èdè tí ó sún mọ́ ẹ̀rọ jù lọ, nínú èyí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ẹ̀rọ yóò gbé nǹkan kọ̀ọ̀kan sí. N kò ní olùkọ́. Mo rò pé ó ti yé mi.

Bàbá mi ni alága ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Òun ló ní kí n ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa fun fèrè nígbà tí oòrùn bá wọ̀, kí gbogbo wa lè ṣínu lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣe é. Mo fi bọ́tìnnì pupa kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí Baba Ládàánì tí ń pe ìrun lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fun fèrè bí ẹ̀rọ bá dẹnu kọlẹ̀. Baba yìí kan náà ló kọ́ mi ní álífù nílé kéú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ààwẹ̀ náà, òjò àkọ́rọ̀ ṣú. Kò sí ẹni tí ó rí oòrùn. Fèrè dún. Àwọn ènìyàn jẹ èso dàbínù, wọ́n mu omi, wọ́n ti ń bu kókó ògì gbígbóná. Láìpẹ́, ojú ọjọ́ là, oòrùn sì yọjú lókè àpáta, ó ń wò wá. Ààwẹ̀ gbogbo àdúgbò ti bàjẹ́.

Baba Ládàánì nìkan ló wà nítòsí ẹ̀rọ. Ó búra pé òun kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Ẹnìkan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ̀rọ kì í gbààwẹ̀, Baba. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni ebi ń pa?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti sọ ọ́ ní Baba Atètèṣínu.

Bàbá mi yíjú sí mi níwájú gbogbo wọn. Ó bi mí bóyá ẹ̀rọ náà lè ṣàṣìṣe.

Mo ní, "Kò lè ṣe é, sà."

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni ìrántí mi ti ń dà mí láàmú. Ṣé mo ti fura nígbà náà? Mo fẹ́ gbà pé n kò fura. Ṣùgbọ́n mo rántí pé àtẹ́lẹwọ́ mi tutù kí n tó fèsì, àbí lẹ́yìn tí mo fèsì ni? Mo máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sílẹ̀. Ojú ewé ọjọ́ yẹn ṣófo.

Ohun tí ó dá mi lójú nìyí. Ní ọjọ́ kejì, mo tú iṣẹ́ mi wò. Ẹ̀rọ náà a máa ka ìṣẹ́jú tó kù kí oòrùn wọ̀, iṣẹ́ kékeré mìíràn a sì máa já lù ú léraléra. Nínú àsẹ́ńbílì, iṣẹ́ tí ó bá já lu òmíràn dàbí àlejò nínú yàrá onílé: ó gbọ́dọ̀ tọ́jú ohun tí ó bá níbẹ̀, kí ó sì dá a padà kí ó tó jáde. Mo gbàgbé láti pa àṣẹ yẹn fún un. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí nǹkan níbẹ̀ tí àlejò lè bà jẹ́. Ní ọjọ́ yẹn, ó gbé nọ́ńbà tirẹ̀ lé orí ti onílé, ẹ̀rọ sì gbà pé àkókò ti tó.

Mo tún un ṣe. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n gba ìpè ìrun lọ́wọ́ Baba. Bàbá mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló kéde rẹ̀. Gbogbo wa san ààwẹ̀ ọjọ́ kan padà, ó parí. Baba ṣì ń gba tirẹ̀ ní gbogbo Àtìní àti Àlàmísì títí di òní.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, bàbá mi ni yóò kọ́kọ́ tẹ́. Bí n kò bá sọ̀rọ̀, bí àwọn ènìyàn bá ń kí mi ní "Ẹnjiníà wa", ńṣe ni ó ń dà bíi pé wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Iwájú kò ṣe é lọ, ẹ̀yìn kò ṣe é padà sí.

Nígbà tí Baba wọlé ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, mo rò pé ó ti mọ̀. Ẹ dárí jì mí, inú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Ó jókòó sórí ẹní, ó ní, "Ọmọ mi, kí oṣù tó lé, bá mi yọ bọ́tìnnì yẹn kúrò. Mo ti fi ba orúkọ tèmi jẹ́. Má jẹ̀ẹ́ kí ó ba ti ẹni tó gba ipò mi jẹ́."

Mo rán an létí pé ó búra.

Ó ní, "Mo búra lóòótọ́. Ṣùgbọ́n o ò purọ́ fún mi rí láti kékeré, o sì ní ẹ̀rọ kò lè ṣàṣìṣe. Ọwọ́ àgbà ni. Ó lè ṣe nǹkan kí ẹni tó ni ín má mọ̀."

Ó ṣàdúrà fún mi. Mo ṣe Àmín.

Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n lọ bá a ní kọ̀rọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé gbangba ni wọ́n ti bú u? Àbí kí n dìde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, níṣojú bàbá mi tí ń jókòó ní ìlà sàfù iwájú? Mo sì ń bẹ̀rù pé bí mo bá tilẹ̀ jẹ́wọ́, Baba lè má gbà mí gbọ́, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ láti má gba ọwọ́ ara rẹ̀ gbọ́.

Mo yọ bọ́tìnnì náà lánàá. Ó wà lápò mi bí mo ti ń kọ èyí. Ihò rẹ̀ ṣì là sílẹ̀ lára ẹ̀rọ, bàbá mi sì ní kí n wá nǹkan fi dí i kí oṣù tó lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí n tó dí i.