Jẹ Èso, Fi Kóró Sílẹ̀

Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún mi. Inú yàrá yìí ni ikú yóò ti bá mi. Mi ò jiyàn. Mo pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, òórùn kajú a máa gba ojú fèrèsé wọlé, èmi a sì tún rí ara mi ní Manigri, ìlú wa, ọmọdé, láìwọ bàtà, nínú kùrukùru òwúrọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá òórùn náà wà lóòótọ́.

Nílé wa, ẹni tó ń kọjá lè ká èso kajú jẹ lóko ẹlòmíràn. Kóró rẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà, ìdí igi ni yóò fi í sí fún olóko. Oko Bàbá Lásísì wà lójú ọ̀nà ilé-ìwé wa. Arúgbó náà a máa ṣe yẹ̀yẹ́ wa pé, "Ẹ jẹ èso, ẹ fi kóró mi sílẹ̀ o, ẹ̀yin eku ilé-ìwé."

Lọ́jọ́ kan, mo fi kóró kan sápò.

Iṣu bàbá mi kò ta lọ́dún náà. Mo fi kóró náà lé ìyá mi lọ́wọ́. Kò bi mí pé níbo ni mo ti rí i. Ó kàn ní, "Ọmọ mi ti dàgbà." Inú mi dùn bí ẹni tó ń fò lójú àlá.

Láti ìgbà náà, bí àsìkò kajú bá dé, oko olóko ni mò ń lọ dípò ilé-ìwé. Olùkọ́ wa wá sílé.

"Bàbá, ọmọ yìí lóye."

"Olùkọ́, òye kì í kún ìkòkò ọbẹ̀."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Mi ò padà sílé-ìwé mọ́.

Mo dàgbà, mo fẹ́yàwó, àpò ṣòkòtò di àpò ńlá tí mò ń gbé lọ tà lọ́jà Bassila. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nínú kùrukùru, Bàbá Lásísì bá mi nídìí igi rẹ̀.

"Ọmọ ilé-ìwé mi, ṣé ìwọ nìyẹn? Jẹ èso rẹ, kí o máa lọ."

Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá sá. Ó mọ̀ mí. Igi wà lọ́wọ́ mi, mo sì là á mọ́ ọn lórí. Ó rọra jókòó ti kajú náà, bí ẹni tó fẹ́ sinmi.

Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó mi mú ọmọ wa, Safíà, wá wò mí. Ọmọ náà tú etí aṣọ rẹ̀, ó yọ kóró kan.

"Bàbá, ẹ gbìn ín síbí, kí ẹ lè rí ibòji."

"Níbo lo ti rí i?"

Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ gbà á, Bàbá Safíà. Ọmọdé ni."

"Òun ni mo bi."

Safíà wolẹ̀. "Lọ́nà ilé-ìwé. Oko àwọn ọmọ Bàbá Lásísì."

Mo ní kó dá a padà. Ó sunkún títí wọ́n fi lọ.

Nígbà tó tún wá, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó ní, "Mo dá a padà. Olóko ní kí n jẹ èso."

Ẹ̀yin ọmọ tó ń gba ọ̀nà oko lọ sílé-ìwé, bí ẹnikẹ́ni nílé kò bá bi yín pé níbo lẹ ti rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ara yín.